Ẹni Tí Galmai Kò Gbọdọ̀ Bojú Wò

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kúrò ní Faya, kí Galmai tó ṣíná sí ọkọ̀ rẹ̀, ó kọ́kọ́ yí díńgí iwájú rẹ̀ kọjú sí òrùlé. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ síta, ó ká díńgí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ ara ọkọ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ jókòó sẹ́yìn, lórí àpò ọkà, láàárín ewúrẹ́ mẹ́ta, Galmai kò sì fẹ́ kí ojú òun ṣèèṣì bá tirẹ̀ pàdé nínú díńgí kankan.

Bó ṣe rí nìyẹn láàárín àwa Tẹ́dà, ọmọ aṣálẹ̀. Ọkùnrin kì í wo ìyá ìyàwó rẹ̀ lójú. Kì í bá a sọ̀rọ̀, kì í jẹun níbi tí obìnrin náà ti lè rí ẹnu rẹ̀, orúkọ obìnrin náà kì í sì í ti ẹnu rẹ̀ jáde títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi wọ ilẹ̀ lọ. Àwọn kan wà tí wọn kò ka òfin yìí kún tó bẹ́ẹ̀ mọ́, pàápàá àwọn tó ti gbé ìlú ńlá rí. Galmai kò sí lára wọn. Ọdún méje ló ti fẹ́ Hapsa, ọmọ méjì ni wọ́n sì ti bí, síbẹ̀ ohun tó mọ̀ nípa ìyá Hapsa kò ju ohùn, ọ̀pá, àti aṣọ dúdú kan tó máa ń yà kúrò lọ́nà nígbà tí òun náà bá ń yà kúrò lọ́nà. Ká sọ òótọ́, ìwà ọmọlúàbí Galmai ti fẹ́ di àìsàn sí i lára. Obìnrin kan wà ládùúgbò rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú àna rẹ̀ yìí. "Obìnrin Gíga" ni Galmai máa ń pè é, obìnrin náà kò sì ga ju àgbò lọ.

Ìyá Hapsa ti lo oṣù méjì lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Faya, ó wá ń padà sí Gúrò, níbi tí ilé rẹ̀ àti igi dàbínù rẹ̀ wà. Ìrìn ọjọ́ méjì ni, nínú iyanrìn àti òkúta, kò sí ìlú kankan láàárín. Nígbà tí ẹrù ti wọ ọkọ̀ tán, Hapsa wá bá ọkọ rẹ̀ lójú fèrèsé.

"Galmai, ìyá kan ṣoṣo ni mo ní o. Ìwọ ni mo fi í lé lọ́wọ́."

"Ọdún mélòó ni mo ti ń ná ọ̀nà yìí? Ṣé mo ti sọ ẹrù nù rí?"

"Ìyá mi kì í ṣe ẹrù."

"Mo gbọ́, ìyàwó mi. Wọlé lọ, oòrùn ti ń mú."

Ẹni kẹta wọn ni Sugumi, aláṣọ, oníkùn ńlá kan tó ń kó aṣọ títà lọ sí Gúrò. Iwájú ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Galmai. Galmai dúpẹ́ lọ́kàn rẹ̀ pé Sugumi wà níbẹ̀, nítorí láìsí ẹni tó máa gba ọ̀rọ̀ láàárín, báwo ni awakọ̀ àti ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣe fẹ́ rin ọ̀nà ọjọ́ méjì? Ihò kan wà lẹ́yìn orí wọn níbi tí gíláàsì ti fọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá.

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí ohùn fi bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

"Sugumi! Bá mi sọ fún ẹni tó ń wakọ̀ yẹn pé ó ti gbàgbé kòtò kan sẹ́yìn. Gbogbo èyí tó kù ló ti bọ́ sí."

Sugumi yíjú sí Galmai. "Wọ́n ní o gbàgbé kòtò kan."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ọ̀nà ni kò dáa."

"Ó ní ọ̀nà ni kò dáa!"

"Mo gbọ́ ohun tó sọ. Ṣé adití ni mo yà ni? Sọ fún un pé ọ̀nà yìí kan náà ni mo fa ràkúnmí mọ́kànlá gbà, nígbà tí oyún ìyàwó rẹ̀ wà nínú mi. Oyún ò wálẹ̀. Ràkúnmí mọ ọkọ̀ wà jù ú lọ."

Sugumi rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Galmai náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi láwàní bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ̀rín náà má baà dé ẹ̀yìn. Ó fẹ́ràn obìnrin yìí, bí a bá lè fẹ́ràn ohùn. Òun fúnra rẹ̀ kò ní ìyá mọ́.

Wọ́n ti gba ẹnu Sugumi fohùn ṣọ̀kan lórí àmì kan kí wọ́n tó gbéra. Ọ̀pá ìyá náà ni yóò máa sọ̀rọ̀: bó bá kan òrùlé ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí Galmai dúró, bó bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kí ó máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rìn ní gbogbo ọjọ́ kìíní, wọ́n sùn, wọ́n sì gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí wàhálà kankan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n dé ibi tí ọkọ̀ ogun àtijọ́ kan rì sí, èyí tí ogun àwọn ará Líbíà fi sílẹ̀ kí wọ́n tó bí Hapsa. Ó ti dógùn-ún pátápátá, ṣùgbọ́n òjìji wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo awakọ̀ ló sì máa ń dúró níbẹ̀ kí ìrun. Ọ̀pá kan òrùlé lẹ́ẹ̀kan. Galmai dúró. Ó jáde, ó kọjú sí ìlà oòrùn, ó sì dúró gbọin bẹ́ẹ̀ láìyíjú. Ìyá Hapsa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn àwọn òkúta kan tó jìnnà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i níbi tó ti ń fi iyanrìn ṣe àlùwàlá. Obìnrin tó mọ ara rẹ̀ níyì ni òun náà, kì í sì í kánjú lórí ìrun.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì kí ìrun Àìlá tán. Sugumi jẹ dàbínù mẹ́wàá, ó mu omi, ó wọ inú ọkọ̀. Iyanrìn ti kún bàtà rẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó sì gbá a mọ́ ara ilẹ̀kùn: kọ́, kọ́.

Galmai, tó ṣì kọjú sí ìlà oòrùn níta, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà pé ọ̀pá ló kan òrùlé. Ó wọ ọkọ̀, ó ṣíná sí i, wọ́n lọ.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Galmai kò sunkún, kò sì ríran. Ẹlòmíràn ì bá kàn yí ọrùn díẹ̀, kó wò bóyá aṣọ dúdú wà lórí àpò ọkà. Ṣùgbọ́n Galmai ti fi ọdún méje kọ́ ọrùn rẹ̀ kó má yí sí ibi tí obìnrin yẹn bá wà, ọrùn náà sì ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yékéyéké. Sugumi ló yẹ kó wo ẹ̀yìn. Àmọ́ Sugumi rí i pé ọkọ̀ ti ń lọ, ó gbà pé ẹni tó ń wà á mọ ohun tó ń ṣe, ó gbé orí lé fèrèsé, ó sùn lọ.

Wọ́n rìn fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ohùn kankan kò ti ẹ̀yìn wá. Galmai bọ́ sínú kòtò ńlá méjì, ó retí kí wọ́n bú òun, kò gbọ́ nǹkan kan. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń rò ó pé bóyá ìwakọ̀ òun ti ń tẹ́ wọn lọ́rùn, ó sì ń ro bí òun yóò ṣe sọ ọ́ fún Hapsa bí òun bá délé.

Afẹ́fẹ́ ti ń gbé iyanrìn kúrò nílẹ̀ nígbà tí wọ́n dé kànga tí àwọn awakọ̀ ti máa ń pọnmi. Sugumi jí, ó na ara, ó mú igbá omi lọ sẹ́yìn kó lọ fún ìyá. Ó yọjú sáàárín àwọn àpò.

"Galmai. Ewúrẹ́ mẹ́ta ni mo rí."

"Mẹ́ta náà ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n."

"Ewúrẹ́ mẹ́ta nìkan ni mo rí."

Galmai bọ́ sílẹ̀. Ó rìn dé ìdí ọkọ̀, ó dúró, kò kọ́kọ́ lè gbójú sókè, àní nígbà yẹn pàápàá. Nígbà tó wá wò ó, ẹní ìyá náà ló rí lórí àpò ọkà. Ọ̀pá rẹ̀ wà lórí ẹní. Àpò rẹ̀ wà níbẹ̀. Awọ omi rẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó kún dẹ́múdẹ́mú, ewúrẹ́ kan sì ń lá ẹnu rẹ̀. Galmai jókòó sínú iyanrìn.

"Ṣùgbọ́n wọ́n kan òrùlé," ló sọ. "Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ."

Sugumi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Galmai," ló sọ, ohùn rẹ̀ ti kéré, "bàtà mi ni. Yéè, mo gbé! Bàtà mi lo gbọ́."

"Kì í ṣe bàtà yín, ẹ̀gbọ́n. Ojú mi ni, tí mo gbé pamọ́ sókè òrùlé."

Kò ṣòfò ọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n já gbogbo ẹrù sílẹ̀ lẹ́bàá kànga kí ọkọ̀ lè fúyẹ́: aṣọ, ọkà, ewúrẹ́. Sugumi ní òun yóò dúró tì wọ́n. Bí ọkọ̀ mìíràn bá dé, òun yóò rán wọn tẹ̀lé e. Ó ń sunkún bó ti ń ju àwọn àpò náà sílẹ̀. Galmai gbé awọ omi sí iwájú, sí àyè Sugumi, ó sì yí orí ọkọ̀ padà.

Ó wakọ̀ lọ́jọ́ yẹn bí kò ṣe wakọ̀ rí. Gbogbo bó ṣe ń lọ, ó ń ṣírò: ìgbà wo ni obìnrin náà mu omi kẹ́yìn, báwo ni oòrùn ti mú tó, mélòó ni ọdún rẹ̀. Ọgọ́ta lé díẹ̀. Obìnrin líle ni. Ó ti da ẹran la aṣálẹ̀ kọjá dé Kufra ní ilẹ̀ Líbíà nígbà èwe rẹ̀, òun nìkan, pẹ̀lú ọ̀bẹ lápá. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í bèèrè ìtàn ìgbésí ayé ẹni kó tó pa á. Ó sì ń gbọ́ ohùn Hapsa: Ìyá mi kì í ṣe ẹrù. Kí ni òun fẹ́ sọ fún Hapsa? Pé òun bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi fi í sílẹ̀ kó kú?

Nígbà tó dé ibi ọkọ̀ ogun náà, kò sí ẹnì kankan. Oòrùn ti rẹlẹ̀, ó kù díẹ̀ kó wọ̀. Afẹ́fẹ́ ti pa ipa táyà rẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn òkúta, níbi tí atẹ́gùn kò ti wọlé dáadáa, ó rí ibi tí orúnkún àti iwájú orí ti kan ilẹ̀. Ó rí ibi tí obìnrin náà jókòó sí lẹ́yìn náà, kò sì pẹ́ níbẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà ó rí ipa ẹsẹ̀.

Ipa ẹsẹ̀ náà kò tẹ̀lé ọ̀nà ọkọ̀. Ìwọ̀ oòrùn ló forí lé, síhà àwọn òkè dúdú.

Galmai kọ́kọ́ rò pé orí ìyá náà ti dàrú. Nígbà tó wá yé e, ó dùn ún dé inú egungun. Obìnrin yìí mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé àna òun kò ní bojú wẹ̀yìn títí yóò fi dé Gúrò. Ì bá ṣe ẹlòmíràn ló ń wakọ̀, ì bá jókòó síbẹ̀ kó dúró dè é. Ṣùgbọ́n nítorí pé Galmai ni, kò retí rẹ̀. Ó dìde, ó ń wá omi fún ara rẹ̀ lọ sí kànga Yóbà, níbi tí àwọn darandaran ìgbà tirẹ̀ ti máa ń fún ràkúnmí lómi.

Kànga Yóbà ti dí láti ọdún mẹ́rin. Gbogbo awakọ̀ ló mọ̀. Obìnrin tó ti fi fífa ràkúnmí sílẹ̀ láti ogún ọdún, ta ni yóò sọ fún un?

Ó wakọ̀ tẹ̀lé ipa náà títí ilẹ̀ fi di òkúta, ibẹ̀ ni ipa ti pòórá. Iyanrìn ti bo ojú ọ̀run, ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀ níwájú lènìyàn lè rí mọ. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé awọ omi kọ́ èjìká, ó tan iná ọkọ̀ kalẹ̀ kí òun náà má baà sọnù. Fèrè ọkọ̀ náà kò ké mọ́ láti ọdún tó kọjá. Ohùn ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù, ohùn tí kò tíì darí sí obìnrin yìí rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

"Ẹ̀yin o!" ló ké. "Ẹ̀yin o, ẹ dáhùn!"

Afẹ́fẹ́ ń hu láàárín àwọn òkúta. Ó dúró, ó tẹ́tí. Ó rìn síwájú.

"Ìyá Hapsa! Ìyá Hapsa o!"

Ó pè bẹ́ẹ̀ títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Nígbà mìíràn ó dà bíi pé nǹkan kan dáhùn, tó bá sì dákẹ́, afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yẹn ní gbogbo ohùn: ti ọmọdé, ti ẹran, ti obìnrin tó ń pe ni láti inú ilé. Ìmọ́lẹ̀ ti ń di pupa. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá rí i kí ilẹ̀ tó ṣú, òkú ni òun yóò máa wá ní ọ̀la.

Ó mọ orúkọ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ tí kò gbọdọ̀ sọ, báwo ni yóò ṣe yẹra fún un? Ọdún méje ló ti fi ń gba ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà kọjá bí ènìyàn ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé tí òórùn rẹ̀ le kọjá. Ó la ẹnu, orúkọ náà kọ̀, kò jáde. Ojú ń tì í níbi tí kò sí ojú kankan. Ó tún la ẹnu. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú ara rẹ̀, bí ọmọdé tó fẹ́ ṣe ohun tí wọ́n ní kó má ṣe, ó sì ké e síta pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù ní àyà rẹ̀.

"Mabruka! Mabruka o! Mabruka!"

Ohùn kan ti apá ọ̀tún dáhùn, ó tínrín, kò jìnnà rárá.

"Ibí ni mo wà."

Ó sáré. Ó fẹsẹ̀ kọ, ó ṣubú, ó dìde. Lẹ́yìn òkúta ńlá kan ló ti rí aṣọ dúdú, ẹsẹ̀ kan nà sílẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ náà ti wú. Bí ó ti rí i báyìí, kí Ọlọ́run má bínú sí i, ọrùn Galmai yí padà fúnra rẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó wá ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń na awọ omi sí ẹ̀yìn ara rẹ̀ títí ọwọ́ kan fi gbà á.

Ó gbọ́ bó ti ń mu. Ó gbọ́ bó ti dúró, tó mí, tó tún mu. Ní gbogbo ayé rẹ̀, kò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Omijé ń ṣàn wọ inú láwàní rẹ̀.

"Sugumi dà?" ni ìyá náà bèèrè.

 Sugumi kò sí níbẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè gba ọ̀rọ̀ láàárín.  Ìyá náà wá kọjú sí awọ omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ awọ omi," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti ń padà bọ̀ sípò, "bá mi bi ẹni tó gbé ọ wá léèrè. Ṣé ewúrẹ́ ló sọ fún un pé mo ti wà lórí ọkọ̀?"

Galmai wo òkúta kan tó wà níwájú rẹ̀. "Òkúta, jọ̀ọ́, bá mi sọ fún wọn pé bàtà Sugumi ni. Sugumi gbá bàtà mọ́ ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rò pé ọ̀pá wọn ni."

"Awọ omi, sọ fún un pé ọ̀dọ̀ bàtà Sugumi ni kó ti máa gba àṣẹ lọ."

"Òkúta, sọ fún wọn pé mo jẹ̀bi. Sọ fún wọn pé mi ò mọ ohun tí mo lè fi tọrọ àforíjì. Mo ti ké orúkọ wọn sínú afẹ́fẹ́ báyìí."

 Ìyá náà gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á, ó ké "Yéè!" Galmai kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún sún mọ́ ọn pẹ̀lú ẹ̀yìn, ó sì kúnlẹ̀ bí ràkúnmí ṣe ń kúnlẹ̀ fún ẹrù, ó dúró. Ó pẹ́ kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ọwọ́ méjì di èjìká rẹ̀ mú, ara kan tó fúyẹ́ ju bó ti rò lọ sì lé e lẹ́yìn.

"Ràkúnmí yìí ń gún ni lára," ni ohùn náà wí sí etí rẹ̀. "Àmọ́ kò bọ́ sí kòtò."

Ó gbé e dé ibi ọkọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ṣófo, kò sí àpò tí ènìyàn lè jókòó lé, ẹsẹ̀ wíwú kò sì ní fara da irin. Iwájú ló gbé e sí, àyè Sugumi. Ó fi aṣọ láwàní rẹ̀ di ẹsẹ̀ náà, ó ń wo ẹsẹ̀ nìkan. Ó wá bọ́ sí ibi tirẹ̀, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà gan-an, kò yẹ̀ sí ọ̀tún kò yẹ̀ sí òsì. Òun àti ìyá ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àárín èjìká wọn kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Bí ẹnikẹ́ni ní Gúrò bá rí wọn báyìí, wọn yóò sọ ọ́ fún ọmọ-ọmọ.

Ó fẹ́ ṣíná nígbà tí ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

"Galmai."

Kì í ṣe awọ omi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Òun gan-an ni. Kò mọ̀ bóyá kí òun dáhùn.

"Mo gbọ́ nígbà tí o ń pe Ìyá Hapsa," ni ìyá náà wí. "Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mi ò dáhùn nítorí pé láti ìgbà tí mo ti ṣubú ni afẹ́fẹ́ ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá Hapsa, Ìyá Hapsa. Mo ti dá a lóhùn títí ó fi sú mi. Gbogbo ayé ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, kí ló ṣe tí afẹ́fẹ́ kò ní mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n nígbà tí o pe ìkejì yẹn…" Ó dákẹ́, ó mu omi díẹ̀. "Afẹ́fẹ́ kò mọ ìyẹn. Mo rò pé ìyá mi ló ń pè mí."

Galmai ń wo ọ̀nà. Ó yọ ọwọ́ kúrò lórí kọ́kọ́rọ́.

"Bàbá Hapsa kì í pè é, ta ni ọkọ tó ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ ní ilẹ̀ wa? Àwọn ọmọ kì í pè é. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń pè é, a sì sin ín ní ọdún méjì sẹ́yìn. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹnì kan láyé tó pè mí ní ohun tí ìyá mi sọ mí. Ọdún méjì, Galmai. Nígbà mìíràn tí mo bá dá wà, èmi fúnra mi a máa pè é, kó má baà di ohun tí mo gbàgbé. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í pe ara rẹ̀ kó dára létí."

"Ẹ dárí jì mí," ni Galmai wí. Òun náà kò wá òkúta mọ́.

"Mi ò bínú. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ Sugumi elétí ehoro yẹn, wàá jẹ́ kí díńgí rẹ ṣì kọjú sókè, èmi á padà sẹ́yìn sọ́dọ̀ àwọn ewúrẹ́, a ò sì ní sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ mọ́ láéláé. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan níbí báyìí. Pè é lẹ́ẹ̀kan sí i fún mi."

 Galmai wo iwájú, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń gbàdúrà. "Mabruka."

"Rárá. Bí o ṣe pè é lẹ́ẹ̀kan ni. Bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ jìnnà."

Galmai ṣí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó yọ orí síta sínú iyanrìn àti ìmọ́lẹ̀ pupa tó kù, ó sì ké e síta pẹ̀lú gbogbo ohùn rẹ̀ tó ti há: "Mabruka o! Mabruka!"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, ohùn ọmọdébìnrin kan dáhùn, ó yára, ó dùn, bíi ti ọmọ tó ti ń ṣeré jìnnà sínú oko dàbínù tó sì mọ̀ pé oúnjẹ ti jinná.

"Ìyá, mò ń bọ̀ o!"